Ọ̀bẹ Kọ́ Ló Tú U Ká

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí mo fẹ́ kí a jọ tú wò lónìí. Kò sí agbo-ilé tí ẹ dé, láti Ìdúmàgbò títí dé Òkè Àrìn, tí ẹ kò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin. Wọ́n á ní: "Jẹjẹrẹ kì í fẹ́ ọ̀bẹ. Bí ọ̀bẹ bá ti kàn án báyìí, ńṣe ló máa tú ká gbogbo ara." Bí wọ́n bá sọ ọ́ tán, wọ́n á ka orúkọ èèyàn mẹ́ta mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ mọ́ lára. Ta ló fẹ́ bá àgbà jiyàn?

Èmi náà kò bá wọn jiyàn. Kódà, mo bá wọn sọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà, màá sì jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n tó gbé gègé mi sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìdúmàgbò. Aṣọ ló ń tà, léèsì àti àǹkárá. Nígbà tí kókó kan yọ sí i lọ́mú òsì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò dùn ún, kò sì dí ọjà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń mu àgbo, ó ń fi omi tí ààfáà gbàdúrà sí wẹ̀. Ó tó bí ọdún kan kí ó tó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin fọwọ́ kàn án. Nígbà náà kókó yẹn ti tó àgbálùmọ̀, àwọn kéékèèké mìíràn sì ti wà lábíyá. Ọmọ yìí kò gbẹ́jọ́. Ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù, wọ́n gé ọmú náà, ojú abẹ jinná dáadáa. Inú gbogbo wa dùn. Ọdún kejì kò tíì pé tí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún débi tí kò lè jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Wọ́n ya fọ́tò inú ara rẹ̀, wọ́n ní ó ti wọ eegun ẹ̀yìn, ó sì ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kò pẹ́ tí Ọlọ́run fi gbà á.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, bí a ti ń jẹ sàárà lọ́wọ́, àgbà obìnrin kan nínú agbo-ilé mi orí, ó ní, "Ṣebí mo sọ fún wọn. Ọ̀bẹ ló tú u ká." Gbogbo ilé dákẹ́ lọ gbári. Ọmọ rẹ̀ tó gbé e lọ sí ọsibítù bú sẹ́kún, ó sì dìde kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun lòun fọwọ́ ara òun pa ìyá òun.

Nítorí ọmọ yìí ni mo ṣe wá ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí rí. Ká tó lè mọ̀ bóyá ọ̀bẹ jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, ó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó lẹ́sẹ̀ tó lè fi rìn? Ìbéèrè yìí ti gbà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé.

Ọmọ ilé ni, kì í ṣe àlejò

Ní ọdún 1665, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Robert Hooke fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo èèpo igi kan. Ó rí àwọn yàrá kéékèèké tó tò lọ bẹẹrẹ bí afárá oyin. Ó pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1858, kí Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, tó là á mọ́lẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ pé inú sẹ́ẹ̀lì ni sẹ́ẹ̀lì ti ń jáde, àti pé àìsàn ara, ìyípadà tó bá sẹ́ẹ̀lì ni. Ìtumọ̀ èyí ni pé jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò tí ẹnìkan rán wọlé láti ìta. Ọmọ ilé ni. Sẹ́ẹ̀lì ara ẹni ló yàyàkuyà, tí kò gbọ́ òfin agbo-ilé mọ́, tó ń bímọ lé ọmọ.

Ní 1869, dókítà kan ní Australia, Thomas Ashworth, yẹ òkú ọkùnrin kan tí jẹjẹrẹ pa wò. Ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà tó jọ ti inú kókó ara rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí jẹjẹrẹ ń gbà. Ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1889, Stephen Paget ní Lọ́ńdọ̀nù ka àkọsílẹ̀ obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa. Ó rí i pé àrùn náà kì í kàn dà káàkiri bí omi tó dànù. Ó ní ibi tó fẹ́ràn: ẹ̀dọ̀ àti eegun ju àwọn ibòmíràn lọ. Paget ní bí irúgbìn ló rí. Atẹ́gùn lè gbé irúgbìn lọ síbi gbogbo, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó bá gbà á nìkan ni yóò ti hù.

Àwa ọmọ Èkó kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣókùnkùn sí wa. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Kòsọ́kọ́. Kì í ṣe pé mo fi ọba wé àrùn, ọ̀nà tí wọ́n gbà rìn ni mo fẹ́ fi ṣàpèjúwe. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní ìparí ọdún 1851, tí wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè, Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ gba ojú ọ̀sà lọ. Ìlú tó wà ní etí ọ̀sà pọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n lè tẹ̀dó sí. Ẹ̀pẹ́ ni, nítorí pé Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú fún wọn láyè níbẹ̀. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkó kan wà ní Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Ojú omi gbé wọn lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó gbà wọ́n ló sọ wọ́n di onílé. Ohun tí Paget rí náà nìyẹn.

Síbẹ̀, ìbéèrè kan kù tí kò rí ìdáhùn. Kí Kòsọ́kọ́ tó dé ojú omi, ó fi ẹsẹ̀ rìn dé èbúté. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín ọmú, tí ògiri yí i ká, ta ló gbé e dé etí odò ẹ̀jẹ̀?

Inú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ

Ní ayé ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé rò ni pé inú sẹ́ẹ̀lì rí bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n bù sínú ọ̀rá: omi tó ki, tó kàn dúró gbẹdẹ. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò lè dá rìn. Ẹ̀kọ kì í dìde kúrò nínú abọ́.

Ní ọdún 1942, nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Brunó Straub ní ìlú Szeged ní orílẹ̀-èdè Hungary yọ èròjà kan jáde láti inú ẹran ara ehoro. Wọ́n pè é ní actin. Actin yìí àti èkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ myosin ló máa ń fa ara wọn mọ́ra tí iṣan apá wa fi ń sún kì nígbà tí a bá gbé nǹkan. Fún ìgbà pípẹ́, wọ́n rò pé inú iṣan nìkan ni ó mọ. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe iṣan rárá. Háà! Ohun tí alárù fi ń gbé ẹrù ní Ìdúmọ̀tà náà ni sẹ́ẹ̀lì tí ojú lásán kò rí fi ń ṣí ẹsẹ̀.

Ní 1963, àwọn tó ń fi awò alágbára wo sẹ́ẹ̀lì rí irú òpó mìíràn: ọ̀pá gígùn tó ní ihò nínú bí ọparun. Ní 1967, Gary Borisy àti Edwin Taylor ní Amẹ́ríkà tọpa èròjà tí wọ́n fi mọ ọparun yìí, èyí tí a wá mọ̀ sí tubulin. Ọparun náà tinrín débi pé bí a bá to 3,000 wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò ní í nípọn ju ẹyọ irun orí kan lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni àwọn okùn líle tí wọ́n wà láàárín méjèèjì, tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì fà ya bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì ní òpó, ó ní okùn, ó ní ọparun. Ilé ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ó rí bí òpó ilé tiwa tí a bá ti rì mọ́lẹ̀ tán tí kò tún kúrò mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ìyá àgbà mi rí ṣàpẹẹrẹ.

Ní 1955, àwọn LEDB, ìgbìmọ̀ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn tí àrùn tí eku ń kó ran èèyàn ti ja Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín Èkó. Ilẹ̀ bí éékà 70 ni wọ́n fàlà sí. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Súrùlérè tí wọ́n ń pè ní Èkó tuntun nígbà náà. Ìyá àgbà mi sọ fún wa pé bí wọ́n ti ń wó ilé kan lẹ́yìn, ni àwọn ọmọ onílé ń ṣa pákó, páànù àti ilẹ̀kùn jọ. Wọn kò jẹ́ kí ó ṣòfò. Pákó tó jẹ́ ògiri ní Èkó lánàá, á di ògiri ní Súrùlérè lọ́la.

Ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe gan-an nìyẹn, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan láyé. Ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni. Ó ń tú òpó actin rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń kó èyí tó tú náà wá síwájú, ó sì ń fi í nà gbọọrọ síbi tó ń lọ. Ní 1984, Tim Mitchison àti Marc Kirschner fi hàn pé àwọn ọparun tubulin náà kò dúró sójú kan: èyí tó ń gùn lọ lè ṣàdédé wó lulẹ̀ lójijì, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ilé tí ń rìn ni sẹ́ẹ̀lì.

Bí ó ṣe ń rìn

Ẹ wo bó ṣe ń rìn. Ó máa na apá kan síwájú, pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Actin tó ń yọ ẹ̀ka bí ẹ̀ka igi ló ń tì í jáde láti inú. Àtẹ́lẹwọ́ yìí á di ilẹ̀ tó wà níwájú mú gírígírí. Lẹ́yìn náà, actin àti myosin á fa ara wọn, gbogbo ara sẹ́ẹ̀lì á wọ́ tẹ̀lé e. Ẹ̀yìn á jágbà sílẹ̀. Á tún na ọwọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rìn ju ìwọ̀n tí irun orí kan nípọn lọ ní wákàtí kan. Ìgbín pàápàá á fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sinmi lọ́sàn-án lóru, tí ẹ fún ní odidi ọdún kan, níbo ni kò ní í dé?

Ẹ máa bi mí pé, ṣé sẹ́ẹ̀lì tó dára kò ń rìn ni? Ó ń rìn o. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé ìka, sẹ́ẹ̀lì awọ máa rìn wá láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti wá bo ojú egbò. Ìwà ló yàtọ̀. Ní 1953 àti 1954, Michael Abercrombie àti Joan Heaysman ní Lọ́ńdọ̀nù tẹjú mọ́ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yọ láti inú ọkàn ọmọ adìyẹ. Wọ́n rí i pé bí sẹ́ẹ̀lì méjì bá pàdé, wọ́n á dúró, ọ̀kan á sì yà gba ibòmíràn. Ẹni tó bá mọ àwọn ọ̀nà tóóró Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ìwà yìí: bí a bá pàdé níbi tí ọ̀nà ti fún, ọ̀kan á fara ti ògiri kí èkejì lè kọjá. Nígbà tí wọ́n wá mú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ láti ara èkúté, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ ti ọmọ adìyẹ. Kò yà fún ẹnikẹ́ni. Ńṣe ló ń rìn lọ bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n aláǹgbá tiwa yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń la ògiri lẹ́nu. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń yọ ẹsẹ̀ ṣóńṣó kan jáde, òpó actin ló sì wà nínú ẹsẹ̀ náà. Ẹnu ẹsẹ̀ yìí ló ti máa ń tú èròjà tó ń jẹ ògiri jáde. Bí ògiri bá ti lu, á fún ara rẹ̀ gba ibẹ̀, á wọ ojú ọ̀nà omi ara tó lọ sí abíyá, tàbí kí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó di èrò ọkọ̀.

Inú ọkọ̀ yìí kò rọrùn fún un ṣá. Ní 1970, Isaiah Fidler ní Amẹ́ríkà fi àmì sí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lára, ó sì fà á sínú ẹ̀jẹ̀ èkúté. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, kò tó ẹyọ kan nínú 1,000 tó ṣì wà láàyè. Àwọn díẹ̀ tó kù yìí, tí ilẹ̀ sì gbà wọ́n, ni wọ́n ń di kókó tuntun nínú eegun àti ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn náà ló sì ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí jẹjẹrẹ ń pa. Kókó inú ọmú fúnra rẹ̀ kì í sábà pa èèyàn. Ọmú kọ́ ni a fi ń mí.

Ẹjọ́ ọ̀bẹ

Ó yá, ẹ jẹ́ ká pe ọ̀bẹ sílé ẹjọ́. Màmá Ìdúmàgbò gbé kókó kan fún ọdún kan. Kí ọ̀bẹ tó kàn án, kókó ti wà lábíyá. Ta ló gbé e débẹ̀? Ọ̀bẹ ṣì wà nínú àpótí rẹ̀ ní ọsibítù nígbà náà. Sẹ́ẹ̀lì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ni. Ó sì ṣeé ṣe kí àwọn tó wọ eegun ẹ̀yìn ti wà níbẹ̀ nígbà tí ojú abẹ ń jinná, kí wọ́n kéré débi pé kò sí ẹ̀rọ tó lè rí wọn. Irúgbìn tó wà nínú ilẹ̀ kì í pariwo. Ìgbà tó bá hù la ń rí i. Ohun tí àwọn àgbà wa rí ni pé wọ́n gé e, lẹ́yìn náà ó jáde níbòmíràn. Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n àkùkọ tó kọ kọ́ ló mú ilẹ̀ mọ́.

Mi ò sọ pé dókítà kì í ṣọ́ra o. Nítorí ẹsẹ̀ jẹjẹrẹ yìí gan-an ni wọ́n kì í ṣe gé kókó nìkan. Wọ́n á gé díẹ̀ nínú ara tó dára tó yí i ká, wọ́n á sì yẹ abíyá wò. Òun náà ló fà á tí wọ́n fi ń fi òògùn tì í lẹ́yìn, kí ó lè lé àwọn tó ti sá jáde bá.

Díẹ̀ nínú òògùn náà, òpó inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń bá jà. Òdòdó kékeré kan wà tí àwọn èèyàn ń gbìn síwájú ilé fún ẹwà, funfun tàbí aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Periwinkle ti Madagascar ni wọ́n ń pè é; kì í ṣe ìsáwùrú inú ọbẹ̀ o, ewéko ni. Láti Jamaica ni wọ́n ti fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí Robert Noble ní Kánádà, wọ́n rò pé ó lè wo àtọ̀gbẹ. Kò wò ó. Ní 1958, Noble àti Charles Beer kéde pé àwọn ti rí òògùn jẹjẹrẹ nínú rẹ̀. Àwọn òògùn tó ti ibẹ̀ wá kì í jẹ́ kí ọparun tubulin to ara rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kò sì lè pín sí méjì láìsí ọparun yìí. Ọ̀kan nínú wọn, vincristine, wà lára ohun tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé àti èyí tí ń wú ọmọdé lẹ́rẹ̀kẹ́, tí Denis Burkitt kọ ìwé nípa rẹ̀ láti Uganda ní 1958. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ já ewé yìí sínú ìkòkò àgbo. Májèlé ni, ìwọ̀n tín-ń-tín tí dókítà ń lò ló sọ ọ́ di òògùn.

Èkejì ti ara èèpo igi kan ní Amẹ́ríkà wá. Ní 1962 ni wọ́n ti bó èèpo náà, ní 1971 ni Monroe Wall àti Mansukh Wani tẹ bí òògùn inú rẹ̀ ṣe rí jáde, ní 1979 sì ni Susan Horwitz rí bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Taxol ni. Kì í tú ọparun ní tirẹ̀. Ńṣe ló ń dè é gan-in, tí kò fi lè tú mọ́ kí ó tún ara rẹ̀ tò. Ilé tí ń rìn di ilé tó gan. Láti 1992 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà.

Irú èyí wà lára ohun tí wọ́n fà sí Màmá Ìdúmàgbò lára lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Irun rẹ̀ re, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kú tipiri tí kò mọ̀ bóun wọ bàtà tàbí òun kò wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹnìkan ló da nǹkan sílẹ̀ fún un ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, pé ó ti tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìmọ̀lára láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé ẹ̀yìn gùn ní ìwọ̀n mítà kan, orí ọparun tubulin ni oúnjẹ rẹ̀ sì ń gbà. Òògùn tó de ọparun jẹjẹrẹ de tirẹ̀ náà. Ìdí kan náà ni kò fi tíì sí òògùn tí wọ́n lè fà síni lára láti kàn run actin. Actin ni ọkàn fi ń lù. Bí a bá ní ká ba ẹsẹ̀ olè jẹ́, ẹsẹ̀ onílé náà ń bẹ níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun ìjà tó dára jù tó wà lọ́wọ́ wa ni àkókò. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ní ọdún 2022, ìṣirò àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ni pé ó lé ní 127,000 èèyàn tí wọ́n rí jẹjẹrẹ lára wọn ní Nàìjíríà, ó sì lé ní 79,000 tí ó pa. Láti 2019 ni ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ti wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, kò ju kí èèyàn sọdá afárá lọ. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, n kò ní í tan yín. Ṣùgbọ́n owó kókó tó tó ẹyọ ẹ̀pà kò tó ti èyí tó tó àgbálùmọ̀, ìrètí inú rẹ̀ sì ju ti ìyẹn lọ fíìfíì.

Ìjẹ́wọ́ mi

Ọdún méjì lẹ́yìn ikú Màmá Ìdúmàgbò, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wa wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó fọwọ́ bo àyà, ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn ọmọdé má baà gbọ́. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ṣé òótọ́ ni pé ọ̀bẹ máa ń tú u ká?" Kókó tirẹ̀ kò ju ẹyọ ẹ̀pà lọ. N kò tíì ka ìwé kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà náà, n kò bi dókítà kankan. Ó yẹ kí n sọ pé n kò mọ̀. Mo ní, "Ohun tí mo gbọ́ náà nìyẹn." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ. Kò lọ sí ọsibítù. Ó lo ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ kò ṣeé sọ fún ọmọlúàbí. Ẹni tó ń kọ̀wé tí àwọn èèyàn ń kà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá irú èsì bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn dókítà léèrè, tí mo sì ń ka ohun tí mo bá rí.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ Màmá Ìdúmàgbò. Òun ló ń ta aṣọ níbẹ̀ báyìí. Mo ya ilé tí ń rìn náà sẹ́yìn rìsíìtì fún un, òpó rẹ̀, okùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó wá bi mí pé, "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ń sọ pé ó ti ń lọ kí n tó gbé wọn débẹ̀?" Mo ní, "Ó ti ń lọ. Kókó abíyá yẹn ni ẹ̀rí. Ẹsẹ̀ tí o gbé lọ sí ọsibítù, ká ní wọ́n jẹ́ kó o tètè gbé e ni." Kò dá mi lóhùn. Ó mú aṣọ kan, ó ń ká a, ó tún tú u, ó tún ń ká a. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí àwọn tó wà nílé kà á."

Mo ti kọ ọ́.